Àwo Kékeré Ló Ń Ṣíwájú

Ilé oúnjẹ márùn-ún ló wà ní òpópónà náà, ìran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ni wọ́n. Àwọn tó ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì jẹun wà ní ìkóríta, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Oúnjẹ wọn dára, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn wọn ga bí ẹni ń gun òrùlé. Ìyá tó pọn ọmọ kan, tó tún fa òmíràn lọ́wọ́, á wò ó lẹ́ẹ̀kan, á kọjá lọ. Àwọn tí kì í fẹnu kan ẹran ló tẹ̀ lé wọn. Ìjókòó mẹ́rin péré ni wọ́n ní. Àwọn ẹlẹ́ja wà ní òdìkejì ọ̀nà. Ẹja wọn dùn dé eegun, eegun yẹn gan-an sì lẹ̀rù àwọn abiyamọ. Oníbúrẹ́dì ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ ní àga. Ojú fèrèsé ló ti ń na búrẹ́dì pẹlẹbẹ síni, gbígbóná, bí ẹni ń lé èèyàn lọ.

Ìkarùn-ún ni ti Bàbá Ṣíbí. Ibẹ̀ làwọn olọ́mọ ń rọ́ lọ.

Tábìlì ibẹ̀ kò ga. Ilẹ̀ ibẹ̀ ṣeé nù. Bí ọmọ bá da omi, kò sẹ́ni tó máa wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tó jalè. Èyí tó gbé orúkọ ilé náà jáde jù lọ ni àwo kékeré. Bí ìdílé kan bá ti fìdí kan àga báyìí, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tí àgbà fẹ́ jẹ, àwo kékeré á ti jáde láti ilé ìdáná: ìrẹsì ṣíbí méjì, ọbẹ̀ ṣíbí kan, fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ dí kì í ké. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò ké á sì jẹun bí èèyàn.

"Bàbá yẹn mà fẹ́ràn ọmọdé o," báyìí ni wọ́n ń wí ládùúgbò.

Bàbá Ṣíbí ń gbọ́ ọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni.

Ó ti lé ní ọdún kan tí bàbá náà kò mọ adùn yàtọ̀ sí ìkorò. Ọ̀fìnkìn kan ló mú un, ibà tẹ̀ lé e, ó dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ní ọjọ́ kejìlá ó dìde, ó wọ ilé ìdáná, ó da àlùbọ́sà sínú òróró gbígbóná. Kò gbóòórùn nǹkan kan. Ó bu ọbẹ̀, ó tọ́ ọ wò. Bí ẹni ń jẹ bébà tútù ni. Ó ní yóò padà. Oṣù kan kọjá, oṣù mẹ́ta kọjá. Ahọ́n rẹ̀ wà lẹ́nu bí àlejò tó sùn tí kò fẹ́ jí.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ni kò fi sọ. Ọkùnrin yẹn se oúnjẹ títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń gbọ̀n, ni àwọn ọmọ rẹ̀ bá ní kó sinmi. Wọ́n gbé àga sí ẹnu ọ̀nà fún un. Gbogbo ẹni tó ń wọlé ń kí i pé ẹ kú ìsinmi. Kò pé ọdún tí wọ́n fi gbé àga náà kúrò, torí kò sẹ́ni tó máa jókòó sí i mọ́. Bàbá Ṣíbí kò bẹ̀rù ikú. Àga yẹn ló ń bẹ̀rù.

Bí àwo kékeré ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àgbàlagbà kò ṣeé fi tọ́ ọbẹ̀ wò. Iyọ̀ á máa pa á lọ, á ní ó dùn. Á nu ẹnu, á lọ, kò ní padà wá mọ́. Ọmọdé kò mọ irú ìyẹn. Ohun tó bá kan ahọ́n ọmọdé ti dé ojú rẹ̀ kó tó dé ọ̀fun. Fèrèsé kékeré kan wà lára ògiri ilé ìdáná, ibi tí àwo ń gbà bọ́ síta. Bàbá Ṣíbí á ti àwo kékeré jáde níbẹ̀, á fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì tẹ ojú fèrèsé, á máa wò. Bí ojú ọmọ bá sọ pé iyọ̀ kù, á fi kún un. Bí ó bá sọ pé ata pọ̀, á fi omi là á. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó máa ní kí wọ́n bu ti àgbà.

Ṣíbí tí wọ́n fi ń pè é kò kúrò ní àpò àyà rẹ̀. Bí ọmọ rẹ̀ obìnrin bá ń wò ó, á tì í bọ ọbẹ̀, á tì í bọ ẹnu, á mi orí. Eré lásán ni.

Nínú gbogbo ọmọ àdúgbò, kò sí èyí tí ojú rẹ̀ mọ́ bíi ti Eyín-Méjì. Ọmọ aránṣọ tó ń gbé lókè ilé kejì ni, ọmọ ọdún mẹ́fà. Eyín iwájú rẹ̀ méjì ló ká lọ́sẹ̀ kan náà. Èyí tí kò sí ni wọ́n fi ń pè é. Bí iyọ̀ kò bá tó, ọmọ náà á wo inú àwo bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù. Bí iyọ̀ bá pọ̀, ojú òsì á dì pa, èjìká kan á gòkè lọ bá etí. Bí ata bá ta á, ahọ́n á yọ jáde láàárín àlàfo eyín. Bí ọbẹ̀ bá sì tọ́, kò ní ṣe nǹkan kan. Á kàn máa ju ẹsẹ̀ síwá sẹ́yìn lábẹ́ tábìlì. Bí Bàbá Ṣíbí bá ti rí ẹsẹ̀ yẹn tó ń lọ tó ń bọ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Á wá rántí pé orúnkún ń dun òun.

Orúnkún náà ti ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń fi ahọ́n sè á tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ẹni tó ń fi ojú ọmọ ọlọ́mọ sè, gbogbo ara rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Á ka ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀. Á bo agolo iyọ̀ ní kété tó bá bù ú tán, kó lè mọ̀ pé òun ti bù ú. Á gbọ́ ìró òróró kó lè mọ ìgbà tí àlùbọ́sà fẹ́ jó, nítorí imú kò ní sọ fún un. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, á ti dà bí aṣọ tí wọ́n fún tán tí wọn ò tíì sá.

Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ló ń mójú tó iwájú ilé. Àkọ́bí náà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Lọ́jọ́ Wẹ́sídè kan ó wọ ilé ìdáná wá, ó jókòó sórí àpò ìrẹsì.

"Bàbá, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn wa ń bọ̀ ní Sátidé."

"Kó máa bọ̀. Ilé oúnjẹ la ṣí."

"Kì í ṣe bíbọ̀ lásán. Wọ́n fẹ́ wó ilé ìdáná wọn tún kọ́. Odindi ọdún kan làwọn ọmọ á fi máa jẹun ọ̀sán níta. Ilé oúnjẹ márààrún ni wọ́n ń tọ́ wò."

"Àwọn ẹlẹ́ja ńkọ́?"

"Márààrún ni mo sọ, Bàbá."

Bàbá Ṣíbí ń gé kárọ́ọ̀tì lọ.

"Ẹ jẹ́ kí n se ti ọjọ́ yẹn," Àkọ́bí ní. "Èmi á dúró nídìí iná, kí ẹ̀yin jókòó, kí ẹ máa darí mi."

Ọ̀bẹ dúró.

"Ta ló ní kí n jókòó?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ jókòó. Ó ti rẹ̀ yín ni. Mò ń gbọ́ orúnkún yín láti iwájú."

"Ó ti rẹ̀ mí kí n tó bí ẹ. Mo ṣì bí ẹ."

Àkọ́bí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jìnnà. "Bí wọ́n bá mú wa, a rọ́nà gbé e gbà. Bí wọn ò bá mú wa, ẹ̀yin náà ń wò ó. Èrò ti ń dín kù láti ìgbà díẹ̀; lánàá, tábìlì méjì péré ló kún. Ẹ ṣáà tọ́ ọ wò dáadáa, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Mo gbọ́."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ó mọ̀ pé bí ọbẹ̀ ọjọ́ náà bá bàjẹ́, àwọn èèyàn á béèrè ìdí. Bí wọ́n bá ti mọ ìdí, àga ti délẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí Sátidé máa dé, òjò ni. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí, kò dá. Ọ̀nà ṣófo. Àwọn olọ́mọ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn. Bàbá Ṣíbí gbé ìkòkò ńlá kaná, ó se ọbẹ̀ adìẹ pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì àti ẹ̀wà tútù, ó ń wo ojú ọ̀nà láti inú fèrèsé kékeré. Kò sí ọmọ kan. Ó ṣí agolo iyọ̀, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Oníbúrẹ́dì ni, ẹgbẹ́ ni wọ́n, ó fi àpò ìyẹ̀fun borí, ó gbá búrẹ́dì mọ́ àyà bí ọmọ tuntun.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé o ṣì wà láyé?"

"Mò ń se oúnjẹ. Òkú kì í sè."

"Mo ti jẹ oúnjẹ tó dà bíi pé òkú ló sè é. Gba búrẹ́dì yìí, ó ti ń rin. Wọ́n ti wà lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja o. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ń wúkọ́."

"Eegun?"

"Eegun ni. Wọ́n ń gbá a lẹ́yìn bí ẹni ń gbọn ẹní."

"Kò dáa kéèyàn máa fi ìyẹn rẹ́rìn-ín."

"Èmi kọ́ ni mò ń rín in. Ẹnu mi ló ń dá a ṣe. Àárọ̀ ni wọ́n dé ọ̀dọ̀ tèmi. Wọ́n ní àga dà. Mo ní kí wọ́n jókòó sórí ìyẹ̀fun. Wọ́n kọ nǹkan sínú ìwé, wọ́n bá tiwọn lọ." Ó na ọrùn wo ìkòkò. Ó fa imú. "Ó ń ta sánsán. Ìwọ ló máa gbà á. Mo lọ o, iná mi ń dúró."

Bàbá Ṣíbí gbé búrẹ́dì sílẹ̀, ó padà sídìí ìkòkò. Agolo iyọ̀ wà ní ṣíṣí.

Ó dúró. Ṣé ó ti bu iyọ̀ ni, àbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bù ú? Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Omi òjò tó wà lára búrẹ́dì ti fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹni tó ní ahọ́n, kí ló ń rò? Á bu díẹ̀, á tọ́ ọ wò. Òun kò ní. Àṣà rẹ̀ ló kù tó lè bi léèrè. Àṣà rẹ̀ sì ni pé bí òun bá ti bu iyọ̀ tán, òun a máa bo agolo. Agolo kò ní ìdérí. A jẹ́ pé òun kò tíì bù ú.

Ó bu ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta sí i. Ó bo agolo.

Kò pẹ́ sí i ni ilẹ̀kùn iwájú ṣí. Aránṣọ ló wọlé, òun àti Eyín-Méjì, pẹ̀lú ìyá arúgbó kan tó na tàntàn bí òpó. Ìyá aránṣọ ni. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti wá bá wọn gbé, wọn kò sì tíì wá jẹun láti ìgbà náà. Bàbá Ṣíbí kò bìkítà fún arúgbó. Ọmọ ló rí. Àyà rẹ̀ rọ̀. Ó bu àwo kékeré, ó tì í jáde, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ fèrèsé.

Bí Àkọ́bí ti ń gbé àwo náà kalẹ̀ ni ilẹ̀kùn tún ṣí. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ dé, olùkọ́ méjì tẹ̀ lé e, ọ̀kan ń fi ọwọ́ pa ọ̀fun. Àkọ́bí fi wọ́n jókòó sí tábìlì tó kàn, ó sáré wá sí ojú fèrèsé.

"Bàbá, wọ́n dé. Ẹ jẹ́ kí n máa bù ú."

"Ṣe sùúrù."

"Sùúrù kẹ̀? Òjò ti na wọ́n, ebi ń pa wọ́n."

"Mo ní kí o ṣe sùúrù."

Eyín-Méjì bu ṣíbí kan sẹ́nu.

Ojú rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ó gbé e mì. Ó bu ìkejì, ó gbé e mì. Ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí itan bí ẹni tó wá ya fọ́tò. Ó jẹ àwo náà tán pátá, ó mu ife omi kan, ó mu ìkejì. Ó wá yíjú sí fèrèsé, ó tẹrí ba.

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ó dùn gan-an ni."

Ìyá àgbà rẹ̀ mi orí. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Bàbá Ṣíbí wo abẹ́ tábìlì. Ẹsẹ̀ ọmọ náà so mọ́ra wọn. Wọn kò lọ, wọn kò bọ̀.

Ó rí i. Kò sí àwáwí níbẹ̀, ó rí i. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ kan ló wà nílé, orúnkún rẹ̀ ń ta, Àkọ́bí ń wò ó, ọmọ ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó dùn. Ẹni tó ti rẹ̀ kì í wá ìròyìn búburú kiri.

"Bù ú," ó ní.

Wọ́n bù ú fún tábìlì méjèèjì. Ohun tí Bàbá Ṣíbí rí láti ojú fèrèsé lẹ́yìn ìyẹn, kò rí irú rẹ̀ rí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nídìí iná.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ bu ṣíbí kan sẹ́nu. Ó dúró. Ó gbé e mì bí ẹni gbé òkúta mì. "Hẹ̀n-ẹ́n," ó ní, ó sì fi ṣíbí ro àwo. Olùkọ́ kan bu tirẹ̀, ó nawọ́ sí omi. Èyí tí eegun ti há lọ́fun bu tirẹ̀, omijé dà lójú rẹ̀, ó ní, "Ó mà ń ṣí ọ̀nà ọ̀fun o." Ní tábìlì kejì, aránṣọ fi ẹnu kàn án, ó rọra gbé ṣíbí sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan. Aránṣọ tún ṣíbí gbé. Ìyá arúgbó fúnra rẹ̀ ń jẹ lọ, ojú rẹ̀ dúró bí ògiri. Ilé kún fún àwọn èèyàn tí wọ́n kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ilé, gbogbo wọn ń jẹ iyọ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o," Àkọ́bí ní. "Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?"

"Ó... ó kún," ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní. Ó wò yíká bí ẹni ń wá ẹni tó máa gbà á sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára ọmọ. Ọmọdé niṣẹ́ rẹ̀. "Ìwọ ọ̀rẹ́ mi, ṣé oúnjẹ tí o jẹ yẹn dùn?"

Eyín-Méjì wo ìyá àgbà rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti funfun.

"Ó dùn, mà. A dúpẹ́, mà."

"Kí ló dé tí o wá ń sunkún?"

"Mi ò sunkún, mà. Ojú mi ló ń ṣe omi."

Bàbá Ṣíbí kúrò lójú fèrèsé. Ó yíjú sí iná. Ìkòkò ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò ní nǹkan kan sọ fún un. Bí ó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ lè gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n á lọ, wọ́n á kọ̀wé pé iyọ̀ pọ̀ lọ́jọ́ kan, ta ni kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí? Òun á ṣì dúró nídìí iná rẹ̀. Ọmọ nìkan ni yóò lọ sílé pẹ̀lú irọ́ lẹ́nu. Ọjọ́ mìíràn, òun á tún ti àwo kékeré jáde, á sì tún rí ojú tó dákẹ́ yẹn.

Ó nu ọwọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó jáde. Ojú fèrèsé nìkan ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ti mọ̀ ọ́n, wọn kò tíì rí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ rí. Ó rìn dé ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà, ó lóṣòó. Orúnkún rẹ̀ dún, gbogbo ilé gbọ́.

"Eyín-Méjì."

"Sà."

"Ojú rẹ dà?"

"Ojú mi rèé, sà."

"Kì í ṣe èyí. Èyí tí o máa ń fún mi tẹ́lẹ̀ ni mò ń wí."

Ọmọ náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá àgbà ní kò dáa. Wọ́n ní ọmọ tó bá ń fajúro sí oúnjẹ olóúnjẹ, kò ní ẹ̀kọ́ ilé."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," ìyá arúgbó ní. "Ẹ gbé mi dé ọjà, màá tún un sọ. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ìyá rẹ̀ náà nìyẹn."

"Ẹ̀kọ́ gidi ni, Ìyá. Ẹ ò ṣẹ̀. Ẹ ṣáà jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ojú ọmọ náà ní ìṣẹ́jú kan."

Ìyá arúgbó wo ọkùnrin tó lóṣòó. Ó wo àwo tirẹ̀. Ó mí kanlẹ̀.

"Fún wọn, ọmọ mi."

Eyín-Méjì fún un. Ojú òsì dì pa, èjìká gòkè lọ bá etí, ahọ́n yọ láàárín àlàfo eyín, gbogbo ara gbọ̀n dé ìdí. "Iyọ̀ ni!" ó ké. "Iyọ̀ ni gbogbo ẹ̀, Bàbá! Kí lẹ ṣe sí i?"

Olùkọ́ tó ń pa ọ̀fun bú sẹ́rìn-ín, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìyá arúgbó gbé ṣíbí sílẹ̀ bí ẹni sọ ẹrù. "Ẹ ṣeun o. Mo ti ń wá ẹni tó máa sọ ọ́. Gbogbo ọ̀fun mi ti di òkun."

Àkọ́bí ti ìka bọ àwo, ó lá a. Ojú òsì rẹ̀ dì pa, èjìká rẹ̀ gòkè. Bàbá Ṣíbí wò ó láti ilẹ̀. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ojú yẹn wà nílé òun.

"Bàbá, ṣé ẹ tọ́ ọ wò?"

"Rárá."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bẹ̀ yín."

"Mi ò lè tọ́ nǹkan kan wò. Ẹnu mi ti kú."

Àkọ́bí fi aṣọ nu ìka tó fi lá ọbẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà ọ̀fìnkìn yẹn."

"Ọdún kan lé nìyẹn."

"Mo mọ̀ ọ́n kà."

"Gbogbo ìgbà tí mò ń bi yín, tí ẹ ń mi orí?"

"Mò ń mi orí ni. Ojú àwọn ọmọ ni mo fi ń sè. Èyí ló dáa jù nínú wọn." Ó fọwọ́ kan orí Eyín-Méjì. "Òun kọ́ ló ba ọbẹ̀ jẹ́. Èmi ni mo bu iyọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún rí i pé ojú rẹ̀ kò rí bó ṣe yẹ, mo ní kí wọ́n bù ú." Ó yíjú sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. "Ẹ jọ̀wọ́, mà. Ọmọ mi ò mọ̀ sí i. Òun lè sè."

Ó fẹ́ dìde. Orúnkún kọ̀. Ìyá arúgbó ló na ọwọ́ sí i, ó fà á, ọwọ́ rẹ̀ le bí igi.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kò sọ pé ó dáa, kò sọ pé kò dáa. Ó ní kí wọ́n fún òun ní omi. Ó gé lára búrẹ́dì Oníbúrẹ́dì, ó jẹ ẹ́ gbẹrẹfu, ó dúpẹ́, wọ́n lọ. Àkọ́bí da ìkòkò ńlá nù. Kò bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn, kò sì bá a sọ̀rọ̀ ní Sọ́ńdè.

Ní Wẹ́sídè, lẹ́tà dé. Àkọ́bí kà á ní ìdúró, lẹ́bàá fèrèsé.

"Àwọn onígi-méjì ló gba ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n á máa gbé oúnjẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn ọmọ. Àwa, ọjọ́ Jímọ̀ nìkan."

"Ọjọ́ kan kì í ṣe òfo."

"Wọ́n kọ nǹkan kan sísàlẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó máa tọ́ ọ wò gbọ́dọ̀ jẹ́ èmi."

Bàbá Ṣíbí mi orí. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe eré. Ó ti ọwọ́ bọ àpò àyà, ó yọ ṣíbí náà. Etí rẹ̀ kan ti jẹ fún ogójì ọdún tó ti ń ha ìdí ìkòkò. Ó nà án sí i. Àkọ́bí gbà á, kò wò ó, ó tì í bọ àpò tirẹ̀.

Ó wá lọ síwájú ilé, ó gbé àga kan.

Bàbá Ṣíbí ń wò ó. Àga náà ní apá méjì, òun ló fẹ̀ jù nínú ilé. Àkọ́bí gbé e kọjá tábìlì àkọ́kọ́. Ọ̀nà ìta wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Bàbá Ṣíbí yíjú kúrò, ó di etí tábìlì mú. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àga nílẹ̀. Nígbà tó yíjú padà, ẹ̀gbẹ́ iná ló wà, láàárín àpò àlùbọ́sà àti omi.

"Ẹ jókòó síbẹ̀," Àkọ́bí ní. "Àlùbọ́sà kò ní gé ara rẹ̀. Bí òróró bá fẹ́ jó, ẹ pariwo, etí yín ju tèmi lọ. Iyọ̀ nìkan ni kí ẹ má fọwọ́ kàn. Bí mo bá rí ọwọ́ yín nínú agolo yẹn, Bàbá, ojú ọ̀nà ni màá gbé àga yẹn lọ."

"O le bí ìyá ìyá rẹ."

"Ẹ̀yin lẹ wí pé mo jọ ọ́."

Ó jókòó. Kò mọ bí orúnkún òun ti ń sunkún tó, àfi ìgbà tí wọ́n dákẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́, ogójì ọmọ ló wọlé, oríṣiríṣi àwọ̀, oríṣiríṣi èdè, gbogbo wọn ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọ́bí bu ọbẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó tún un tọ́ wò. Ó fi iyọ̀ díẹ̀ kún un. Ó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kẹta, ó bo ìkòkò.

"Àwo kékeré ńkọ́?" Bàbá Ṣíbí ní.

"Fún kí ni? Ó ti tọ́, Bàbá. Èmi ni mo tọ́ ọ wò."

"Mo mọ̀. Bu ẹyọ kan."

Àkọ́bí wò ó. Ó bù ú, ó tì í jáde, ó ní ti Eyín-Méjì ni.

Láti orí àga, fèrèsé ti ga jù fún un. Kò lè rí ojú ọmọ kankan mọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ilé ìdáná kò kan ilẹ̀. Àlàfo bí ìbú ọwọ́ méjì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bàbá Ṣíbí gbé ọ̀bẹ lé àlùbọ́sà, ó tẹ̀ díẹ̀, ó wo abẹ́ ilẹ̀kùn. Bàtà kún ibẹ̀ bí ẹyẹ lórí okùn. Ó wá ti ọmọ náà títí ó fi rí i, bàtà pupa méjì tí okùn ọ̀kan ti tú.

Wọ́n so mọ́ra wọn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ọ̀kan lọ síwájú, ìkejì tẹ̀ lé e, wọ́n padà sẹ́yìn, wọ́n tún lọ.

"Kí lẹ rí?" Àkọ́bí bi í.

Ó ń gé àlùbọ́sà lọ.